Ọkọ̀ Tí Ìyá Àgbà Pa Lẹ́nu Mọ́

Ìka àárín ni ìyá àgbà fi ń kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, wọ́n gbé etí lé e bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò wò lọ́jà kó tó rà á. Kò, kò. Wọ́n sún síwájú díẹ̀, wọ́n tún kàn án. Gán-ún, gán-ún. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ló ń pariwo, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ fa ilà yí i ká. Wọ́n ti tú pátákó inú ilẹ̀kùn sílẹ̀, irin rẹ̀ wà ní ìhòòhò, òórùn ọ̀dà tí oòrùn ń yọ́ sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Bódìjà. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń jẹ ẹ̀pà, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé tó bá jẹ́ èmi ni mo tú ọkọ̀ palẹ̀ báyìí, wọn ì bá ti nà mí.

Ọkọ̀ náà ti darúgbó kí wọ́n tó bí mi. Tí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé à ń jáde. Ẹ́ńjìnnì ń bú, ilẹ̀kùn ń gbọ̀n, atẹ́gùn ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí sì ń ró gbangan-gbangan lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ata la gbé wá. Ìyá àgbà ló ń wà á, nítorí pé ojú bàbá àgbà ti ṣú débi pé wọn kò lè kàwé mọ́, àwọn tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá àgbà á gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ring Road, lẹ́yìn náà a ó yà sí Challenge láti kí àbúrò bàbá àgbà tó ń gbé níbẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó síwájú, èmi á jókòó sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí iṣẹ́ tí ìyá àgbà ń ṣe lára ọkọ̀ náà. Ìyá mi ló là á yé mi nígbà tí mo dàgbà. Ìyá àgbà ti bí ọmọbìnrin kan ṣáájú gbogbo ọmọ tí a mọ̀. Bàbá àgbà, tó ń ṣe tíṣà ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn nígbà náà, wá fún ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà kú kó tó mọ̀ ọ́n rá. Kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́, àwọn àgbà ilé ti sin ín, wọn kò sì jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ ojú oórì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lóòótọ́, agbè ò fọ́, ìyá mi àti àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tọkọtaya yìí kò dá ọ̀rọ̀ ọmọ náà sílẹ̀ láàárín ara wọn rí.

Ìgbà tí ogbó dé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìyá àgbà lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀: ṣé bàbá àgbà máa ń rántí ọmọ náà, àbí àwọn nìkan ló ń gbé e kiri? Èrò kì í dá nílé wa, inú ọkọ̀ nìkan ni àwọn méjèèjì ti lè dá wà. Tèmi tí mo wà lẹ́yìn kò kà, ọmọdé ni mí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá àgbà béèrè. Mo rí ẹnu wọn tó ń mì, mo rí i tí wọ́n yíjú sí bàbá àgbà, ṣùgbọ́n ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Bàbá àgbà ń wo ọ̀nà, wọn kò fèsì.

Ẹni tí kò bá gbé nílé wa lè sọ pé kí ló dé tí wọn kò tún un béèrè. Nílé wa, a kì í bi àgbà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí àgbà bá dákẹ́, ó ti dáhùn nìyẹn. Ìyá mi kì í ṣe é, àwọn àbúrò rẹ̀ kì í ṣe é, ìyá àgbà fúnra wọn kì í ṣe é sí ọkọ wọn. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà: bóyá bàbá àgbà gbọ́, wọn kò sì fẹ́ sọ ọ́, tàbí ariwo ọkọ̀ ló gbé ìbéèrè náà mì. Ìyá àgbà kò lè fara da ti àkọ́kọ́. Wọ́n di ẹ̀bi ru ọkọ̀.

Mẹkáníìkì wọn sọ pé ohun tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun láti fi pa ariwo ọkọ̀ wọ́n ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà dúpẹ́, wọ́n wá sílé. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níléèwé títí wọ́n fi darúgbó, wọn kò sì gbà pé ohun kan wà tí a lè wọ̀n tí a lè gé tí yóò ṣòro. Páálí ẹyin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí ariwo lè dín kù. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ sókè inú ọkọ̀. Ariwo kò dín, aáyán ló kó dé. Ọ̀kan já bọ́ sórí fìlà bàbá àgbà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, alùfáà ló sì bá wọn gbọ̀n ọ́n kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ra àjákù fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù, wọ́n rọ́ ọ sínú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ó fi kún dẹ́múdẹ́mú. Ó dára fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí òjò dé, omi gba ẹsẹ̀ gíláàsì wọlé, kò rí ibi jáde, nítorí pé fọ́ọ̀mù ti dí àwọn ihò tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Tí a bá ti yà ní kọ́nà, a ó gbọ́ omi tó ń dà síhìn-ín sọ́hùn-ún, gbogbo inú ọkọ̀ sì ń rùn bí ibùsùn ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Mo fi ọwọ́ dí imú títí dé ilé. Ìyá àgbà kò bínú, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ yọ, wọ́n sá a sí oòrùn.

Wàyí ni wọ́n wá fara balẹ̀. Wọ́n gba ògbólógbòó tíúbù lọ́wọ́ fọgánáísà kan ní Agbowó, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí okùn pẹ̀lú aṣọ wa. Wọ́n ra ìyókù pépà dúdú olóòdà tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ́ sórí òrùlé kí ó má baà jò. Wọ́n ha ìpẹtà kúrò lára irin, wọ́n tẹ́ pépà náà sóòrùn kó lè rọ̀, wọ́n wá ń lẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ síbi tí ṣọ́ọ̀kì wà nìkan, wọ́n ń fi ìgò yí i mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kò pọn dandan kí a bo gbogbo irin, èyí tó bá ń ró ni kí a pa lẹ́nu mọ́. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà gba pépà olóòdà, ó gba fọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ, kápẹ́ẹ̀tì tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ dànù sì bo orí rẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn gé bátánì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán bùbá. Tíúbù ni wọ́n tẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn kó lè máa pa dé ṣinṣin. Lábẹ́ àga ẹ̀yìn, wọ́n rí i pé sípánà tí mẹkáníìkì kan gbàgbé síbẹ̀ láyé ọjọ́un ló ń ró gbangan-gbangan, wọ́n sì yọ ọ́.

Bàbá àgbà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní gbogbo àsìkò náà. Ìyá àgbà á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí ọkọ wọn gbọ́ bó ṣe dákẹ́, bàbá àgbà á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á mi orí. Inú gbogbo wa dùn sí ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tí iṣẹ́ parí, a gbéra lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́, mo gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń mí. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Challenge. Ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ́, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an:

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń rántí ọmọ wa àkọ́kọ́?"

Kò sí ariwo kankan tí a lè di ẹ̀bi rù mọ́. Bàbá àgbà ń wo iwájú. Mo rí i tí ojú ìyá àgbà kún fún omi, tí wọ́n di sítíárì mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí a dé ibi tí àwọn agbèrò ti ń pe èrò, tírélà kan sún mọ́ wa, ó fọn fèrè sẹ́bàá gíláàsì bàbá àgbà gan-an. Mo figbe ta, ìyá àgbà tẹ bíréèkì. Bàbá àgbà kò tilẹ̀ mira. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró ni wọ́n yíjú, wọ́n béèrè bóyá a ti dé ni.

Ìyá àgbà wò wọ́n títí. Wọ́n pè wọ́n jẹ́jẹ́, wọ́n tún pè wọ́n sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì, wọ́n sì fọwọ́ kan èjìká ọkọ wọn, wọ́n fọwọ́ kan etí wọn. Bàbá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Etí náà ti lọ, Màmá. Ó ti pẹ́. Ojú ló kọ́kọ́ lọ, mi ò wá fẹ́ kí o gbọ́ pé etí náà ti tẹ̀ lé e. Mo rí i pé inú rẹ ń dùn sí iṣẹ́ ọkọ̀ yìí, mo ní kí n jẹ́ kí o máa ṣe é."

Bóyá tí ìyá àgbà bá pariwo sí bàbá àgbà létí, wọn á gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kígbe rẹ̀, pàápàá ní Challenge, láàárín agbèrò àti ẹlẹ́rù. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, ojú wo ni bàbá àgbà yóò fi kà á?

Ìyá àgbà bọ́ ìborùn èjìká wọn. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n ká a, wọ́n fi etí kan rẹ̀ wé e bí a ti ń wé ọmọ jòjòló, wọ́n sì gbé e lé ọwọ́ bàbá àgbà. Wọ́n mú àtẹ́lẹwọ́ ọkọ wọn, wọ́n fi í sábẹ́ ibi tí orí ọmọ ì bá wà. Bàbá àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Wọ́n fọwọ́ pa ìborùn náà. Wọ́n gbé e sórí ìgbọ̀nwọ́ dáadáa, bí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ.

"Irun orí rẹ̀ pọ̀," ni wọ́n wí. "Mo rò pé ìwọ ti gbàgbé rẹ̀ ni."

Ìyá àgbà gbé orí lé sítíárì, wọ́n sunkún. N kò rí i kí wọ́n sunkún rí ṣáájú ọjọ́ náà. Bàbá àgbà kò gbọ́ ẹkún náà, wọ́n ṣáà ń fi ọwọ́ kan gbá ìborùn yẹn ní ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ó ń dùn mí títí dòní pé ẹni méjì sùn lórí ibùsùn kan láti ìgbà èwe dé ogbó, tí oníkálùkù ń dá gbé ọmọ kan náà, tí ẹnì kìíní rò pé ẹnì kejì ti sọ ọ́ kalẹ̀. N kò mọ orúkọ ọmọ náà, kò sì sí ẹni tó kù tí mo lè bi. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé irun orí rẹ̀ pọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni ìyá àgbà bí, mo máa ń fi ọ̀kan kún un.