Ọ̀rá Egungun Ló Pa Sabina, Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ má sọ fún mi pé Sabina ẹlẹ́ja kú. Wọ́n pa á ni. Lọ́jọ́ Ajé, ní àdúgbò Ìlàjẹ, típà oníyanrìn tí kò ní bíréèkì fi ẹ̀yìn rìn, ó gbá a mọ́ ògiri. Itan méjèèjì ṣẹ́. Egungun gún awọ yọ síta. Awakọ̀ ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, tirẹ̀ ti hàn. Ti àwọn tó wọ aṣọ funfun ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Gbogbo ará àdúgbò Pedro ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin yìí nìkan ló ń pa mí lẹ́nu mọ́. Bí mo bá ní ẹja rẹ̀ kéré, á ní, "Bàbá, eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín tẹ́ ẹ fẹ́ fi jẹ ńlá?"

Ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò fi igi di ẹsẹ̀ náà. Ọjọ́ méjì gbáko! Wọ́n ní dókítà eegun ń bọ̀. Ṣé ìdí ló fi ń wọ́ bọ̀ láti Ìbàdàn ni? Bí wọ́n bá yí i, egungun á máa ha ara wọn, Sabina á máa ké.

Lọ́jọ́rú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àmì pupa wínníwínní yọ sí i láyà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú. Wonder, ọmọ rẹ̀, sáré pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ dìde. Ó ní èdè ìlú wọn ni ìyá ń sọ, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ará Ìlàjẹ ń ṣe bí ìrora bá mú wọn.

Mo ti fi ogójì ọdún ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ èdè Ìlàjẹ. Èyí kì í ṣe Ìlàjẹ. Ọpọlọ ló ń dàrú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Lóòótọ́, mo ti bi í láàárọ̀ bóyá ọkọ ló ń wá tó fi kun ojú tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀fẹ̀ tèmi ló wá yẹ kó pa Sabina? Nígbà tó ń jà fitafita, wọ́n fi ìró tirẹ̀ so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì bí àgbò iléyá. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Dókítà dé lọ́jọ́bọ̀, ó bá òkú. Òun ló là á yé wa: ọ̀rá inú egungun tó ṣẹ́ ló wọnú ẹ̀jẹ̀, ó gba ẹ̀dọ̀fóró, ó lọ dí àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ. Ó ní ká ní wọ́n tètè di ẹsẹ̀ náà, tí wọ́n sì fún un ní ọ́síjìn, bóyá. Bóyá! Síbẹ̀, ìwé ikú jáde: ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Típà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru àbí ògiri?

A ò gba ìwé yẹn, a ò sì ní gbé òkú. Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ẹ ya irọ́ náà, kẹ́ ẹ kọ ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ò dì, dókítà tí kò wá, ọwọ́ tẹ́ ẹ so. Kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i, kí ìjọba ṣèwádìí rẹ̀ lójú gbogbo wa. Títí dìgbà náà, ẹnu ọ̀nà yín ni èmi àti Wonder wà. Mo ti gbé àpótí ìjókòó mi wá. Ẹni tó bá láyà kó wá lé mi.