Ẹja Òkè tí Bàbá Mi Fi Ìyẹ́ Àkùkọ Pa

Lánàá, mo pa àkùkọ kan tí mo rà láàyè, mo sì da omi gbígbóná lé e lórí kí n lè tu ìyẹ́ rẹ̀. Bí òórùn ìyẹ́ náà ṣe gba ilé kan, ọmọ mi bo imú, ó sì sáré ṣí fèrèsé. Èmi dúró síbẹ̀, mò ń fà á símú bí ẹni tó rí lọ́fínńdà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ rò pé inú ọ̀rá ni adìyẹ ti ń wá, ẹ ò lè mọ ohun tí òórùn yẹn ṣe fún mi. Ó gbé mi padà sí Fondren, ní Houston, sínú ilé oníyàrá kan tí èmi àti bàbá mi ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, lẹ́yìn ọdún 1990 díẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti mú mi wá. Ìyá bàbá mi, tó ń yan ẹja tí ọkọ rẹ̀ bá pa, ló tọ́ mi, torí ìyá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí bàbá mi lọ sí Amẹ́ríkà, fọ́tò rẹ̀ nìkan ni mo sì mọ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, nígbà tí ìwé rẹ̀ dára tán, èmi ló kọ́kọ́ fi ìwé náà mú wá. Ọkùnrin gíga kan ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó gbá orí mi mú, ó sì gbé àpótí mi lé èjìká.

Bí àjèjì méjì la ṣe ń gbé. Iléeṣẹ́ ìfọpo ní Pasadena ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́sàn-án lọ́sẹ̀ yìí, lóru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá ń sùn lọ́sàn-án, orí ọmọníka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Ilé náà dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ nígbà tí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, èèyàn ò lè wúkọ́ kí ẹni mẹ́ta má sọ pé pẹ̀lẹ́. Ní Fondren, mo lè wúkọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárò ilé sọ mí bí ibà, mi ò sì pe ọkùnrin náà ní bàbá rí. "Ẹ" ni mo ń pè é.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti abọ́ oúnjẹ síwájú, mo ní, "Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà."

Ó fi ọmọrí bo abọ́ náà. "Ó dáa, ìyá mi. Jẹ́ ká lo holiday yìí tán ná. Tó o bá ṣì fẹ́ lọ, màá ra ticket. Mi ò ní bẹ̀ ọ́." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ọjọ́ lára ògiri.

Kí n tó dé ló ti kó àrùn ẹja pípa lọ́wọ́ òyìnbó kan níbi iṣẹ́. Kì í ṣe irú ẹja pípa tiwa. Kò sí àwọ̀n, kò sí ekòló. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni yóò fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ kékeré, títí yóò fi jọ kòkòrò inú omi. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Okùn rẹ̀ ló wúwo, tó ń gbé ìyẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ náà lọ síbi tó bá fẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó máa ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju okùn náà lórí koríko ẹ̀yìn ilé. Èmi ni mò ń fọ ìyẹ́ tí mo sì ń ṣà á, pẹ̀lú ojú kíkorò.

Obìnrin Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé lókè wa yọjú wò ó lọ́jọ́ kan. "Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ẹja ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa, Ìyá Ṣadé."

"Lórí koríko? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi. Night shift yẹn ti pọ̀ jù."

Nígbà tí ọlidé kù díẹ̀ kó parí, ó kó ẹrù sínú mọ́tò, a sì wa ọkọ̀ lọ sí Wyoming, níbi tí òkè wà. Ọjọ́ méjì ó lé la lò lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tá a bára wa sọ kò kún ọwọ́. Omi odò náà mọ́ débi pé mo ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì tutù débi pé nígbà tí bàbá mi ń ṣe àlùwàlá ìrun àárọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Ẹja funfun orí òkè ló wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ kéré lábẹ́ imú, ó dà bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Àwọn òyìnbó tó wà lódò ò kà á sí. Ẹja alámì tótòtó ni wọ́n ń wá. Bí ẹja funfun bá gbé ìwọ̀ wọn, wọ́n á yọ ọ́ dànù bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi ní tirẹ̀ jẹ́ kí ìyẹ́ náà rì dé ìsàlẹ̀, níbi tí ẹja ń jẹ̀ sí, ó tẹjú mọ́ okùn, ó sì gbé ọ̀pá sókè wẹ́rẹ́. Ìwọ̀nba tí òfin gbà láyè ló mú.

"You're keeping those?" òyìnbó kan bi í.

"Yes, sir. We will eat them."

Nírọ̀lẹ́, ó dá iná, ó gbé irin lé e, ó sì to ẹja náà lé e ní tútù, nínú ọwọ́ iná tó ń jó. Awọ ẹja lẹ̀ mọ́ irin, ó ń bẹ́. Ọmọ tí apẹja bí, tí ayanja tọ́ dàgbà, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fara dà á.

"Bàbá, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ta ló ń gbé ẹja tútù lé ọwọ́ iná? Ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ ná."

Mo gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi iyọ̀ pa ẹja náà, mo sá a sí atẹ́gùn, mo tú iná ká títí ó fi ku ẹ̀yinná, mo fi igi tútù sí i kó lè rú èéfín, mo sì wá fi páànù bò ó. Ó lóṣòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni màmá mi ṣe máa ń ṣe é," ló wí. "Mo ti gbàgbé." Ó sì sunkún, láìbojú. Mi ò rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún rí, nítorí náà mo ń yí ẹja.

A jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, ilé ni mo fẹ́. Nígbà tá a dé Houston, mo rán an létí tíkẹ́ẹ̀tì. Kò bẹ̀ mí lóòótọ́. Mo sì rò pé kò dùn ún. Ó wé ẹja tó kù sínú bébà, ó ní kí n gbé e fún ìyá òun. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń gbé ẹja lọ sí Ẹ̀pẹ́?

Ìyá Àgbà tú bébà náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ta ló yan án?"

"Èmi ni, Ìyá. Bàbá ò mọ̀ ọ́n yan mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ìdí ìró nu ojú. Ó bù ú jẹ, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ ládùn. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. "Ta ló wá kù lọ́hùn-ún tó máa bá a yan án?"

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ló ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ariwo agbo ilé àti pẹ̀lẹ́ wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó ti oúnjẹ báyìí, ọkùnrin gíga kan ní Fondren ni mò ń rí. Kí ọdún náà tó parí, mo ní mo fẹ́ padà. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló di ẹrù mi. Òun náà ò bẹ̀ mí, ìgbà yẹn ni mo mọ ẹni tí bàbá mi fìwà jọ. Ìyá Àgbà kú kí n tó tún rí i.

Bàbá mi náà ti lọ. Wọ́n ti da kọnkéré sórí koríko ẹ̀yìn ilé yẹn. Àwọn ọmọ mi ń rí ojú àwọn ẹbí wọn ní Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù lójoojúmọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀; mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ayé àtijọ́ ló sàn jù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí fóònù ò tíì rí ṣe sí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mí, ilé méjì ló ní mi. Nígbà ayé bàbá mi àti Ìyá Àgbà, èyí tó wù kí n wà nínú méjèèjì, ẹnì kan wà ní ìkejì tó ń dá jẹun.