Ṣọ́ọ̀bù Marina Tí Wọ́n Fún Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ Tápà ni wá. Ìdílé wa kò pọ̀ láàárín àwọn oníṣòwò Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá jalamíà tí a fi òwú ṣe ọnà sí lọ́rùn mọ ilé wa lẹ́yìn Ìgà, ààfin ọba.

Mo kọ àròkọ kan ní ilé ìwé nípa bí òwò ìdílé ṣe lè gbèrú. Mo ní kí a gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní Marina, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ti ń kọjá. Bàbá mi kà á, wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù náà. Mo rò pé èmi ni wọn yóò fi síbẹ̀ bí mo bá jáde ìwé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fún.

“Ọmọbìnrin ń lọ, ìyàwó ń bọ̀,” ni bàbá mi wí. “Ilé ọkọ ni wàá gbé iṣẹ́ yìí lọ.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. N kò rí ọ̀kan. Ìyẹn ló tún dùn mí jù.

Nígbà ìsinmi, mo lọ ràn án lọ́wọ́. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, síbẹ̀ ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní ọkọ mi, nítorí pé ó bá mi nílé ni. Lọ́jọ́ kan, mo ṣe ọnà sí ọrùn jalamíà kan, ó sì wọ́ sí òsì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kàn án, ó wò mí.

“Ọkọ mi, ó ti rẹ̀ yín, àbí? Ẹ lọ jẹun.”

Ìyàwó ilé kì í sọ fún ọmọ ọkọ pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́. Oníbàárà ti ń dúró, ó sì gbé aṣọ náà lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, oníbàárà náà gbé e wá bá bàbá mi nílé.

“Alàájì, ṣé ọrùn mi ló wọ́ ni, àbí ọrùn aṣọ?”

Bàbá mi bi wá léèrè ẹni tó ṣe é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

“Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú.”

Wọn kò bínú sí i rárá. Ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ gan-an bu iyì kún un. Mo jowú ẹ̀bi náà.

“Èmi ni mo ṣe é,” ni mo wí.

Bàbá mi tẹ́ jalamíà náà sí àárín àwa méjèèjì, wọ́n sì yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. “Sọ ohun tí o rí fún un.”

Ó wo ilẹ̀ títí. “Ọkọ mi, ọnà yìí wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u.”

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ohùn tó fi sọ ọ́ ń ta mí lára, nítorí pé, bó tilẹ̀ pè mí ní ọkọ, ohùn ọ̀gá ni.