Àdúrà tí Ìyá Kòrá Kò Ṣe Àmín Sí

Eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹnu mi ṣí sílẹ̀ bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò ní apá òsì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́, ẹ gbọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ dìde kí n rí àyè na ẹsẹ̀ mi.

Ìta Fàájì là ń gbé. Télọ̀ ni bàbá mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì dojú kọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kòrá. Kòrá là ń pe àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánọ́ọ̀nù nígbà náà, àwọn òyìnbó tí kì í ṣe òyìnbó, tí wọ́n ń ta aṣọ káàkiri Èkó. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú un wá láti Síríà, Ìsàlẹ̀ Èkó ló sì dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá ju èmi yìí lọ. Bí o bá ná aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí o ò rà á, yóò bú ọ dé ìkòríta, yóò tún ní kí o bá òun kí ìyá ẹ.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù yẹn ló bí i sí, òun àti bàbá mi sì jọ dàgbà ni. Wọ́n jọ lọ ilé kéwú, wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì jọ jẹgba lọ́wọ́ Ìyá Kòrá. Nígbà tí irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́nu ọmọ náà, bàbá rẹ̀ ní kó lọ kàwé nílé wọn lọ́hùn-ún. Ohun tí a wá gbọ́ ni pé ó ti wọ iṣẹ́ ṣọ́jà ní Síríà, pé ọ̀gá ni wọ́n ń kọ́ ọ láti dà. Inú bàbá mi dùn kọjá ààlà. Ṣọ́jà ló ń ṣèjọba tiwa náà nígbà yẹn, wọ́n ń fi kòbókò na dẹ́rẹ́bà ní Ọbaléńdé, kò sì sẹ́ni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ní ṣọ́jà kan lẹ́yìn. Bí àwọn lọ́yà Igbóṣẹ̀rẹ̀ bá wá rán ṣòkòtò, kí wọ́n tó nà ró ni bàbá mi á ti sọ pé, “Ọ̀rẹ́ tèmi wà lára àwọn ológun Síríà o. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni!” Ẹnu bàbá mi dùn, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á dé.

Fọ́tò la fi ń mọ bí iṣẹ́ ọmọ náà ṣe ń lọ. Bí ará ilé wọn kan bá ti Síríà dé, yóò mú fọ́tò kan dání, Ìyá Kòrá á sì gbé e kọ́ ògiri lókè àwọn ìdì aṣọ. Ìràwọ̀ kan ló kọ́kọ́ wà léjìká rẹ̀. Ó di méjì, ó di mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan fọ́tò tuntun dé, kò sí ìràwọ̀ kankan mọ́, ẹyẹ kan ló na ìyẹ́ síbẹ̀. Bàbá mi figbe ta.

“Họ́wù! Wọ́n ti gba gbogbo ìràwọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi! Kí ló ṣe fún wọn?”

“Yé pariwo,” ni Ìyá Kòrá wí. “Ẹyẹ yẹn ju gbogbo ìràwọ̀ yẹn lọ. Wọ́n ti fi ṣe méjọ̀.”

Ojú ẹsẹ̀ ni àdúgbò ya dé. “Mama, ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á túbọ̀ gbé e ga! Òun ló máa di olórí gbogbo wọn!” Ìyá Kòrá dúpẹ́, ó fún àwa ọmọdé ní súìtì, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àmín, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ká aṣọ tí kò tú. Wọ́n tún àdúrà náà ṣe, bóyá kò gbọ́ ni. Kò dáhùn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí wọ́n ṣàdúrà fún èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó kó má ṣe àmín! Ìyá mi bínú délé. Ó ní, “Ṣé ó rò pé a fẹ́ pa ọmọ ẹ̀ jẹ ni?”

Èmi ni mo lọ bi í léèrè. Ọmọ tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi ni mí, ẹ sì ti mọ ibi tí mo ti jogún ẹ̀. Ó já fọ́tò kan sílẹ̀ lára ògiri, níbi tí ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ṣọ́jà ti ń rẹ́rìn-ín níwájú géètì kan. Ó fi àtàǹpàkò bo ojú ọ̀kan.

“Èyí wà lára àwọn tó gbàjọba. Wọ́n fi ṣe mínísítà. Àwọn tí wọ́n jọ gbà á náà ló jù ú sẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló ṣì wà.” Àtàǹpàkò rẹ̀ sún síwájú. “Èyí ń wa ọkọ̀ òfuurufú ogun, gbogbo ìlú ló mọ orúkọ ẹ̀. Ó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú òun, ó sá kọjá bọ́dà. Wọ́n wá a kàn níbi tó sá sí. Kọfí ló ń mu nígbà tí wọ́n yìnbọn fún un.”

Ó tún sọ fún mi nípa ọ̀kan tí wọ́n fi ṣe aṣojú ìjọba ní ìlú olótùútù kan. Ipò ńlá ni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ padà wálé. Bàbá rẹ̀ kú, kò lè wá sin ín. Mo wá tọ́ka sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín jù nínú wọn.

“Èyí ńkọ́, Mama?”

“Èmi ò mọ̀. Ìyá ẹ̀ náà ò mọ̀.”

Ó gbé fọ́tò náà padà. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí wọ́n bá gbé ṣọ́jà kan gun orí àga, ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ẹni tó wà lórí àga náà lánàá dà? Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rẹ́ òun ò dà bí àwọn yẹn, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni.

Nígbà tí ọkọ Ìyá Kòrá kú, ọmọ náà wá sí Èkó. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fojú mi rí i nìyẹn. Bàbá mi gbé àga fún un sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ayé á ti máa rí àlejò pàtàkì. Ó gbé àga náà wọlé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú síta. Yorùbá rẹ̀ ò tíì sọnù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Bí ẹnìkan bá kọjá, yóò bèèrè pé, “Ta nìyẹn?” Bàbá mi á ní alágbàfọ̀ ni. Tó bá ṣe díẹ̀, “Òun náà kọ́ ló tún ń padà bọ̀ yẹn?” Bàbá mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, “Ìta Fàájì nìyí o, ọ̀gá ṣọ́jà! Kò sẹ́ni tó máa jí ẹ gbé!” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé àga rẹ̀ kúrò. Fọ́tògíráfà àdúgbò wá, ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má ya òun. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ra búrẹ́dì fún mi, ó ní kí n máa bá òun yọjú wo ìyá òun.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni ogun bẹ́ láàárín Síríà àti Ísírẹ́lì, nínú oṣù ààwẹ̀. Ìyá Kòrá ò tajà mọ́, rédíò ló gbé sétí láti àárọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ìyá mi á gbé ìṣínu lọ fún un, á sì jókòó tì í títí yóò fi jẹun. Ìbínú ti àmín yẹn ti tán. Níkẹyìn ìròyìn dé pé ọmọ náà wà láàyè, pé àwọn ọkọ̀ ogun onírin tó jẹ́ olórí fún jà gan-an, débi pé àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ìgboro níbẹ̀. Wọ́n ti fi ìràwọ̀ méjì ti ẹyẹ léjìká rẹ̀, ó ti di kọ́nẹ́ẹ̀lì. Bàbá mi jó yí maṣíìnì rẹ̀ ká. Ìyá Kòrá ní tirẹ̀ kò gbé fọ́tò tuntun tó bá ìròyìn náà dé kọ́ ògiri. Ó tì í sábẹ́ ìdì aṣọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ni ọkùnrin kan dé. Ó wọ kóòtù, ó lójú àánú, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òwò ló gbé òun wá láti Síríà, òun sì mú ìkíni bọ̀ láti ilé. Ìyá Kòrá fún un ní kọfí. Ó ń wo àwọn fọ́tò ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ rán ṣòkòtò, ó bá sọdá sọ́dọ̀ bàbá mi. Ìyá Kòrá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Bàbá mi ń wọn ìbàdí rẹ̀, ẹnu náà sì ń ṣiṣẹ́. Ṣé ọ̀gá mọ ọ̀rẹ́ òun ní Síríà? Ọkùnrin náà ní ta ni kò mọ̀ ọ́n, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n jọ dàgbà? Yé è! Ìyẹn tó fún bàbá mi. Ó sọ ti ilé kéwú, ó sọ ti bọ́ọ̀lù, ó sọ ti ẹgba. Láti òdìkejì ọ̀nà, Ìyá Kòrá ṣẹ́jú sí bàbá mi. Kò rí i. Èmi rí i. Ẹ̀yin tí ìyá tọ́ dàgbà mọ ojú yẹn, ojú tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọ níwájú àlejò pé kó má gba ẹran tí wọ́n nà sí i. Ó tún pè é: “Wá bá mi gbé ìdì aṣọ kan!”

“Mò ń bọ̀, Mama!” Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun tó wá sọ nìyí, píjìn ló fi sọ ọ́, ó sì na okùn ìwọ̀n rẹ̀ sókè: “Ọ̀gá, na him go be una Head of State!” Pé ọ̀rẹ́ òun ló máa di olórí ìjọba wọn lọ́la. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ohun tí a máa ń sọ fún ọmọ tó bá gba ipò kìíní ní kíláàsì nìyẹn, àdúrà ni, ìwúrí ni. Ọkùnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn: “Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, rárá ni bàbá mi ì bá sọ. Rárá lásán! Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ò sún mọ́ ọ̀rẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ha! Kò sí nǹkan tó ń fi pamọ́ fún mi.”

Mo wo òdìkejì ọ̀nà. Ìyá Kòrá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú eruku. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sanwó ṣòkòtò sílẹ̀, kò sì padà wá gbà á.

Fọ́tò ò dé mọ́. Àwọn ará ilé wọn tó bá ti Síríà bọ̀ ń gba ọ̀nà ibòmíràn, kí wọ́n má bàa yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan yà, ó bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè wọn, kò mu kọfí, ó lọ. Ìyá Kòrá rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ó ní wọ́n ti mú ọmọ òun. Wọ́n pè é sí ìpàdé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò délé. Wọn ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní ó kú, ẹnikẹ́ni ò sì ní ó wà láyé. Bàbá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó jókòó.

Bí Ìyá Kòrá ṣe ta ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ó ní òun ń lọ wá a. A bẹ̀ ẹ́ títí. Àgbàlagbà ni, ta ló máa dá a lóhùn níbẹ̀? Kò gbọ́. Lọ́jọ́ tí takisí wá gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, gbogbo àdúgbò jáde. Bàbá mi gbé ẹrù rẹ̀ sínú búùtù, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú títì, níṣojú gbogbo èèyàn.

“Mama, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnu mi ni?”

Ìyá Kòrá bẹ̀rẹ̀ tì í. “Ọjọ́ tí mo bí i, àwọn ìyá àdúgbò yìí gbé e sókè, wọ́n ní yóò jọba. Inú mi dùn, mo ní àmín, àmín, àmín. Ta ni kí èmi wá bi bóyá ẹnu tèmi ni?”

Ó fọwọ́ kan orí bàbá mi, ó wọ ọkọ̀. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́, a ò gbúròó ọmọ rẹ̀. Bàbá mi tí ẹ ti gbọ́ bí ẹnu rẹ̀ ṣe dùn tó, ó di ẹni tí oníbàárà máa ń bi ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó fèsì. Nígbà tí orin ogun tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí rédíò tiwa náà, pé àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn, tí àwọn èèyàn ń jiyàn nínú ṣọ́ọ̀bù nípa ọ̀gá tí ipò kàn, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń lọ, yóò sì dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi lọ. Ó dàgbà, ó darúgbó, ó kú láìmọ̀ bóyá ó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí kò pa á. Ó ṣì ń dùn mí.

Ayé ti yí. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù yẹn wà, ìpara àti irun àtọwọ́dá ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí yìí, ẹ ń fi fóònù bú olórí ìjọba láàárọ̀, ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn, ẹ ó tún máa hanrun. Mo bá yín yọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n èmi ti dàgbà kọjá kíkọ́. Bí wọ́n bá sọ fún mi níbi ìsọmọlórúkọ pé ọmọ-ọmọ mi yóò jọba, mo kọ́kọ́ máa ń wo ẹni tó jókòó nítòsí kí n tó dá wọn lóhùn.