Mọ́tò Pupa Abẹ́ Màrìwò

Láyé ìjọba àwọn kamaráàdì, bí ẹ bá dé Ifangni tí ẹ béèrè bóyá Ògúnrìndé ẹlépo wà nílé, ìbéèrè ni wọ́n á fi dá yín lóhùn: "Ta ló gbé jáde lónìí, ìyálé ni àbí ìyàwó?" Ẹ má rò pé obìnrin méjì ló wà nílé rẹ̀ o. Obìnrin kan ṣoṣo ni Ògúnrìndé fẹ́, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan sì tó ti obìnrin mẹ́fà. Mọ́tò là ń wí.

Ìyálé ni mọ́tò akẹ́rù ògbólógbòó kan tí Ògúnrìndé fi ń kó epo pupa láti Banigbé àti Lagbé lọ sí Igolo. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ nígbà tó wà ní titun. Epo ti rin ín, eruku ti bò ó, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ojú ọ̀nà mọ́. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Láràárọ̀, àfi kí wọ́n tì í kó tó ṣiṣẹ́, bó bá sì ti ṣiṣẹ́, gbogbo adìyẹ àdúgbò ni yóò sá wọlé. Ṣùgbọ́n kò kọ ẹrù rí láyé. Garawa epo, àpò gbàgúdá, aláboyún tó ń rọbí, ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà, gbogbo rẹ̀ ni ìyálé ń gbé, kì í sì í ráhùn ju bó ti yẹ lọ.

Ìyàwó ńkọ́? Áà! Pupa fòò ni. Kò ní òrùlé, èèyàn méjì péré ló ń gbà, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ sanra. Mọ́tò àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi máa ń sáré ìje nílùú wọn, wọn kì í sì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún epo ló ni ín, Ògúnrìndé ló sì máa ń bá a fọ̀ ọ́. Nígbà tí ìjọba yí padà tí òyìnbó náà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó wo mọ́tò, ó wo Ògúnrìndé, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwọn méjèèjì sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún wọn kò jọra.

Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni ìyàwó ń jáde. Ògúnrìndé á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, á fi awò dúdú sójú, á wà á dé Igolo, á yí i padà lẹ́nu ibodè, á tún wà á bọ̀ wálé. Kò ra nǹkan, kò ta nǹkan, ẹ̀sáǹsì tó ń gbé mọ́tò rìn nìkan ló ń jó. Bí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà, á fi ọwọ́ kan darí mọ́tò, á fi ìkejì gbé agbòòrùn.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kò wọ inú mọ́tò náà rí. "Bàbá Fúnláyọ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "ẹ máa gbé ìyàwó yín lọ. Mọ́tò tí kò lè gbé garawa epo kan ṣoṣo, kí ló ń jẹ́ mọ́tò? Ìyálé ń bọ́ wa, ìyàwó ń mu ẹ̀sáǹsì!" Ògúnrìndé á rẹ́rìn-ín, á máa nu mọ́tò rẹ̀ lọ. Ó kàn fẹ́ràn mọ́tò náà ni. Bó bá ti jókòó sínú rẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lórí, á gbàgbé pé òun ti lé ní àádọ́ta ọdún, á gbàgbé eyín tó ń ro òun.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn kí Honoré tó dé. Tíṣà ni, ọmọ Àjàṣẹ́, ìjọba sì fi ṣe délégué, ìyẹn olórí ìgbìmọ̀ àwọn kamaráàdì ní àdúgbò náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní ni, àpò pọ̀ lára kóòtù rẹ̀, ó sì kórìíra kí ìdọ̀tí kan aṣọ rẹ̀. Ó pe gbogbo ìlú sí ọgbà ilé ìwé. "Prêt pour la révolution!" ló fi kí wọn, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbára dì fún ìyípadà. Gbogbo wọn dáhùn pé "La lutte continue!", pé ìjà ń tẹ̀síwájú, bí ẹlòmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń wí.

"Bon, ó dáa," ni Honoré wí. "Camarades, ẹni tó bá ní mọ́tò méjì nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀tá ará ìlú ni. Donc, nítorí náà, ẹni tó bá ní méjì á yọ̀ǹda ọ̀kan fún ìgbìmọ̀."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ògúnrìndé. Ta ló tún ní méjì? Honoré kò tilẹ̀ fi èyí tó wù ú pamọ́. Ó ní àwọ̀ pupa kan wà ní àdúgbò yìí tó bá ìràwọ̀ ara àsíá mu rẹ́gí.

Ògúnrìndé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, tí àwọn èèyàn ti lọ sóko, ó ti ìyàwó lọ sẹ́yìnkùlé, sí ìdí àwọn ọ̀pẹ rẹ̀. Kí ni yóò fi bò ó? Imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbó wà nílẹ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà lára rẹ̀, á sì họ ìyàwó lára. Kàkà bẹ́ẹ̀, bàbá yìí gun ọ̀pẹ, ó gé màrìwò tútù, èyí tó rọ̀ tó sì ń dán, ó là á wẹ́wẹ́, ó fi bo mọ́tò láti orí dé ilẹ̀. Ó dúró, ó wò ó, ó sì yin ara rẹ̀.

Èmi ò mọ ohun tó di ọkùnrin náà lójú. Ọmọ Yorùbá! Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúnrìndé! Ó mú odidi irin, ó fi màrìwò bò ó, ó gbé e sí ìdí ọ̀pẹ, kò sì rántí pé Ògún kò láṣọ, màrìwò laṣọ Ògún. Ìfẹ́ máa ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé.

Kò pẹ́ tí Honoré dé pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì. "Camarade Ògúnrìndé, ẹ káàárọ̀ o. Mọ́tò pupa dà?"

"Ó ti sọdá ibodè, camarade."

Honoré kò gbà á gbọ́. Wọ́n yọ sẹ́yìnkùlé. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ti rí màrìwò, wọ́n dúró gbagidi, ọ̀kan nínú wọn sì rántí pé ìyá òun rán òun níṣẹ́. Honoré ní tirẹ̀ nà ró ṣánṣán, ó wúkọ́. "Ẹ̀yin náà... ẹ ń bọ Ògún?"

Ìgbà yẹn ni ojú Ògúnrìndé tó là. Ó wo màrìwò, ó wo Honoré, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Kí lorúkọ mi, camarade?" ló fi dá a lóhùn. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni délégué fi rìn kúrò níbẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ifangni kì í parí síbi tó yẹ. Nígbà tí Ògúnrìndé jí, ó bá obì àti iṣu sísun níwájú màrìwò. Ó jẹ iṣu náà. Lọ́jọ́ kejì, iṣu sísun tún wà ńlẹ̀, ìgbín sì tún bá a wá. Ìròyìn ti tàn pé Ògún titun wà lẹ́yìnkùlé Ògúnrìndé, pé ó lágbára débi pé ó lé délégué. Múdàṣírù, awakọ̀ ẹrù ní Igolo, á kírun tán kó tó wá bẹ Ògún kí ibodè rọ̀. Véronique, tó ní ẹ̀rọ ìlọta, á ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ tààrà, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kọṣẹ́. Ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́! Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìnkùlé kò ṣófo mọ́.

Ẹnìkan mú odidi ajá wá. Ògúnrìndé kò lè pa ajá. Ó tú u sílẹ̀. Ajá kò lọ o. Ó dùbúlẹ̀ síwájú màrìwò, ó ń jẹ nínú iṣu, ó sì pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀ ló sì máa ń gbó mọ́ jù.

Ìyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ògúnrìndé. Ọjọ́ ìsinmi dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi awò dúdú sójú, kò sì rí ibì kankan lọ. Á dúró sí ojú fèrèsé, á máa wo màrìwò. Àárò mọ́tò náà sọ ọ́ bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lọ sílé tí kò padà.

"Ẹ gbà wọ́n láyè," ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wí, ó ń fi ìgbín se ọbẹ̀. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e wá, ọ̀sẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ mú nǹkan wọlé."

Àfi bí àṣẹ titun ṣe dé láti òkè pé kí gbogbo délégué gbógun ti òrìṣà, kí wọ́n wó ojúbọ, kí wọ́n jó o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Honoré dé pẹ̀lú garawa ẹ̀sáǹsì àti ìṣáná. Èèyàn tẹ̀lé e lọ bí omi. Ojú rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ni.

Ṣé ẹ rí ibi tí Ògúnrìndé há sí? Bó bá dákẹ́, wọ́n á sun ìyàwó rẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà á lọ, gbogbo ìlú á sì mọ ẹni tó ń jẹ iṣu wọn. Ó wo ìṣáná lọ́wọ́ Honoré. Ó sàn kí mọ́tò náà máa bẹ láyé lọ́wọ́ ẹlòmíràn ju kó di eérú lọ. Ó bú sẹ́kún.

"Ẹ má jó o! Mọ́tò ni! Mọ́tò mi ni!"

Àwọn èèyàn kẹ́dùn. "Jésù," ni Véronique wí, "Ògún ti gba iyè lára rẹ̀."

"Bàbá Fúnláyọ̀, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀," ni Múdàṣírù wí. "Ó gba iṣu wa."

"Èmi ni mo jẹ iṣu yín! Ògún kò fẹnu kàn án!"

Ariwo ta. Wọ́n ní ó burú ju bí àwọn ṣe rò lọ. Honoré da ẹ̀sáǹsì sílẹ̀ díẹ̀, ó ṣá ìṣáná, kò ràn, ó tún òmíràn mú. Ògúnrìndé kò dúró mọ́. Ó bẹ́ sábẹ́ màrìwò, ajá sì bá a já ìdí ṣòkòtò. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó di fólán, irin róbótó tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, mú. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò dákẹ́. Ó tún yí i, ó dákẹ́. Ó wá fi gbogbo ara tẹ fèrè mọ́tò.

Bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ohun tó ti abẹ́ màrìwò jáde kì í ṣe ìró mọ́tò kankan tí Ifangni gbọ́ rí. Ó kùn, ó falẹ̀, ó lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, ó tún gòkè wá, ó sì kásẹ̀ ńlẹ̀ bí ìgbà tí àgbàlagbà sín.

Nígbà tí Ògúnrìndé yọrí jáde pẹ̀lú màrìwò lórí, kò sẹ́ni tó wà ní ìdúró mọ́. Awakọ̀ ń bẹ ńlẹ̀, alágbàrù ń bẹ ńlẹ̀, Véronique wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣe àmì àgbélébùú. Níwájú gbogbo wọn, délégué Honoré dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kóòtù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń wí pé: "Ògún, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Ó gbójú sókè díẹ̀. Ibi tí Ògúnrìndé gbà wọlé ti ya màrìwò sílẹ̀, iná iwájú mọ́tò sì ń wo Honoré lójú. Òun nìkan ló rí i, nítorí òun ló wà níwájú.

"Mọ́tò ni?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

"Mọ́tò ni," ni Ògúnrìndé dáhùn jẹ́jẹ́.

Honoré rò ó níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Bí mo bá ní mọ́tò ni, wọ́n á ní mo dọ̀bálẹ̀ fún mọ́tò. Bí mo bá ní Ògún ni, wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò jó o."

"Òótọ́ ni, camarade."

"Donc, bàbá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó pè é ní bàbá, "kò gbọdọ̀ kúrò níbí yìí láé. Ọjọ́ tí mo bá rí i lójú títì, mọ́tò ni, màá sì gbà á."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó kọjú sí àwọn èèyàn. "Camarades, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Kò sí nǹkan kan níbí. Ìdí ọ̀pẹ lásán ni. Mọ́tò kan ṣoṣo ni Camarade Ògúnrìndé ní." Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ. Véronique ní kò sí irọ́ níbẹ̀: ìdí ọ̀pẹ lásán kọ́ ni Ògún ń gbé?

Ó dun Ògúnrìndé gidigidi. Ó ní mọ́tò tí kò lè wà mọ́ láéláé. Nínú ìbànújẹ́ yẹn ló fọ ìyálé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì rí i pé àwọ̀ ewé ni, àwọ̀ ewé tó dára. Ojú tì í díẹ̀. Ó ra ilẹ̀kùn titun fún un.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi dé, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi awò dúdú sójú, ó fún ajá ní iṣu, ó sì wọ abẹ́ màrìwò lọ. Ó jókòó, ó di fólán mú, ó ń fi ẹnu ṣe "fùùùù". Kò pẹ́ tí màrìwò ṣí. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ni. Ó ti wé gèlè, ó gbé iṣu sísun Múdàṣírù lọ́wọ́. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ sún ẹsẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu iṣu fún un.

"Níbo la dé?" ló béèrè.

"A ti ń wọ Igolo."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ fi ọwọ́ di gèlè rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn. "Ẹ rọra, Bàbá Fúnláyọ̀. Kòtò wà níwájú."

Ògúnrìndé yí fólán díẹ̀ sápá òsì, wọ́n sì kọjá.