Bí Fàdákà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Wọ Ilé Wa ní Mission Bend

Ní ọdún 1985, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá mi parí àkójọ ohun èlò tíì fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ wa ní Mission Bend, ní ìlú Houston. Ìkòkò tíì wà níbẹ̀, àwo ṣúgà wà níbẹ̀, ìkòkò mílíìkì wà níbẹ̀, àti ẹ̀mú kékeré tí a fi ń mú ṣúgà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó sọ ohun mìíràn, nítorí a kì í yọ́ ìròyìn ayọ̀ sọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní apá ibẹ̀ yẹn, ẹ ó rántí bí Sátidé ṣe máa ń rí. Nílé tiyín, ó lè jẹ́ ọjọ́ aṣọ fífọ̀, ọjọ́ koríko gígé, tàbí ọjọ́ irun dídì tí ẹkún máa ń bá rìn. Nílé tiwa, ọjọ́ ìbánikẹ́dùn ni. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, òórùn epo àti ti ọṣẹ líle ni ó máa ń ṣáájú wọn wọlé. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti mọ́, wọn a wọ kóòtù dúdú, wọn a so táì, wọn a fi òróró díẹ̀ yí irunmú wọn, èmi náà a wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, a ó sì gba orí fíríwéè lọ sí ilé òyìnbó kan tí ó ti kú.

Ó yẹ kí n là á yé yín. Nílùú yìí, bí àgbàlagbà bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ráyè fún ẹrù rẹ̀, wọn a ṣí ilé náà sílẹ̀, wọn a lẹ iye owó mọ́ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí ṣíbí, ẹni tó bá wù a sì wọlé wá rà. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣa ohun àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ. Wọ́n ní àwo aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ya igi àti afárá sí. Wọ́n ní ife kan tí ó ní pẹpẹ tín-ín-rín lẹ́nu, kí irunmú ọkùnrin má ba à ki ara bọ inú tíì. Wọ́n ní àpótí fàdákà kékeré tí àwọn àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi áṣáà sí. Ohun kan tún wà tí ó ní igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí egungun ìhà, tí wọ́n ń to búrẹ́dì yíyan sí. Nígbà tí Bọ̀dá Súnkànmí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa ní Alief, kọ́kọ́ rí i, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, pàkúté eku yìí mà kéré o. Àwọn eku ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mà níwà tútù!"

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń dán fàdákà. Ẹfun ni bàbá mi máa ń lọ̀ kúnná, wọn a fi omi díẹ̀ pò ó, èmi a sì fi àjákù síńgílẹ́ẹ̀tì wọn rà á sára fàdákà títí ojú mi yóò fi hàn nínú rẹ̀, pẹ̀lú imú tó fẹ̀ bí ti erinmi. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ a bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi a dojú ohun náà dé, wọn a fi ìka han àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Yẹ́misí, ilà ojú rẹ̀ nìyí. Bí a ṣe ń fi ilà mọ ọmọ ìlú kan sí òmíràn nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń mọ fàdákà. Kìnnìún tó ń rìn yìí ló jẹ́rìí pé fàdákà gidi ni. Orí ẹkùn, ará Lọ́ńdọ́nù. Ìdákọ̀ró, ará Birmingham. Lẹ́tà yìí ló sì ń sọ ọdún tí wọ́n bí i." Kí n tó lè ka orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tán láìṣìṣe ni mo ti mọ ilà ojú fàdákà ní àmọ̀dunjú. Àbúrò mi Kúnlé kò ní sùúrù fún ìyẹn. Ó mú ohun tí wọ́n fi ń pa àbẹ́là, ó fi ṣe fìlà fún ọmọláńgidi rẹ̀, ó sì fi eékún ara rẹ̀ kúnlẹ̀, ọwọ́ lókè, títí dòdò tí màmá mi ń dín fi tán nínú agbada. Òórùn dòdò náà gan-an ni ìyà rẹ̀.

Inú gáréèjì ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ohun náà kò tíì wọ inú ilé, nítorí pé màmá mi ti ṣòfin.

"Bàbá Yẹ́misí, ẹrù òkú ni. Wọn kò bí yín sí ìdílé wọn, ẹ ń bá wọn pín ogún. Ẹ kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń bínú sí àwo yẹn."

Bàbá mi a ní, "Ìyá Yẹ́misí, ẹni tó rọ ọ́ ti kú láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ìbínú bá wà ńbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Kí ó máa sinmi ní gáréèjì nígbà náà. Ohun tí ọmọ olóògbé kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún wa, kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà yìí."

Ọ̀rọ̀ náà le sí i ní ọdún 1985, nítorí pé màmá mi lóyún àbíkẹ́yìn wa, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí wọn, sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá wẹ ọmọ. Màmá mi ní àwọn kò ní jẹ́ kí ìyá àwọn wá bá àwọn nínú oyún láàárín ẹrù òkú. Kí bàálù Ìyá Àgbà tó balẹ̀, gáréèjì gbọ́dọ̀ ṣófo. Kí bàbá mi yáa kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń gba ẹrù ọrẹ. Mo wo ojú bàbá mi lọ́jọ́ náà. Irunmú wọn gan-an rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ó kù wọ́n ku ìkòkò tíì. Wọ́n ti ní àwo ṣúgà, wọ́n ti ní ìkòkò mílíìkì, wọ́n ti ní ẹ̀mú, ṣùgbọ́n ìkòkò tíì ni olórí ilé, kò sì sí ohun tí a lè pe ìyókù láìsí i. Ohun tí ó fà á tí wọn kò fi rí i rà láti ọdún yìí wá kò fara sin. Bàbá mi kì í fọwọ́ kan nǹkan kan nílé olóògbé kí wọ́n tó kí ọlọ́fọ̀. Nígbà tí àwọn òǹrajà yòókù bá ń sáré, tí wọ́n ń fi ìgùnpá ti ara wọn, bàbá mi a bọ́ fìlà, wọn a wá ọmọ olóògbé lọ sí ibikíbi tó bá wà, wọn a jókòó, wọn a sì bá a kẹ́dùn bí ó ti yẹ. Nígbà tí a bá fi máa dìde, ohun tó dára ti wọ mọ́tò ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọn ì bá ṣe sí wa. Àwọn kan rò pé mọ̀lẹ́bí tí àwọn kò mọ̀ ni wá. Ojú wọn a sì là rekete.

Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí ni ó gbẹ̀yìn kí Ìyá Àgbà tó dé. Ilé bíríkì ńlá kan ni, igi óòkù wà níwájú rẹ̀. Bí a ti wọlé ni mo rí ìkòkò tíì méjì lórí tábìlì. Mo fa kóòtù bàbá mi. Wọ́n ní, "A ó dé ibẹ̀." Wọ́n rìn kọjá lára tábìlì náà lọ sí ilé ìdáná, níbi tí ọmọ olóògbé, Ìyáàfin Alice, obìnrin arúgbó tí irun rẹ̀ funfun báláú, jókòó sí lórí àpótí.

Bàbá mi ní, "Ẹ kú ìrójú, Màmá. Báwo ni ìyá ṣe lọ?"

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Láti àárọ̀ tí mo ti jókòó síbí, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nìkan ni wọ́n ń bi mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ó sọ pé Birmingham ni ìyá òun ti wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, pé ooru Houston pa á lẹ́kún ní ọdún àkọ́kọ́, pé láti ìgbà náà, tíì gbígbóná ni ó fi ń bá ooru jà títí tó fi kú. Bàbá mi ń mi orí. Èmi ń gbọ́ bí àwo ṣe ń ró nínú yàrá kejì. Nígbà tí a jáde, tábìlì ti mọ́ fefe. Mo sunkún nínú mọ́tò, n kò sì pa á mọ́ra.

Mo retí pé màmá mi yóò yọ̀ nígbà tí a dé ọwọ́ òfo. Wọ́n tẹ́tí sí gbogbo ìtàn náà, ọwọ́ lórí ikùn, ojú wọn sì yí padà.

"Ẹ jókòó ti ọlọ́fọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán?"

"A jókòó tì í."

"Kí lẹ gbé lọ?"

Bàbá mi wo ọwọ́ wọn méjèèjì.

"Ọwọ́ lásán! Ẹ̀yin ọmọ ilé ire! Ẹ lọ kí ọlọ́fọ̀, ẹ kò gbé oúnjẹ dání! Ṣé ẹ fẹ́ kí òyìnbó rò pé wọn kò tọ́ wa ni? Yẹ́misí, gbé ẹ̀wà yẹn kalẹ̀!"

A bó ẹ̀wà títí ìka mi fi hun jọ. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mọ́ínmọ́ín wà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ nínú kúlà lórí itan mi, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran wà lẹ́sẹ̀ Kúnlé, òórùn ọbẹ̀ náà sì tẹ̀lé wa gba gbogbo Alief kọjá. Ilé bíríkì náà ti ṣófo. Ìyáàfin Alice fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Màmá mi sọ fún un pé àwọn wá tọrọ àforíjì, ọkọ àwọn ti gbàgbé oúnjẹ. Obìnrin náà dúró, ó ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Ó kúrò lójú wa, ó lọ sí yàrá, ó sì gbé ohun kan tí ó fi aṣọ ìnura wé jáde.

Ó ní, "Èyí ni ìyá mi ń lò. N kò lè lẹ owó mọ́ ọn. Mo ti ń ronú ẹni tí mo lè fún." Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé màmá mi lọ́wọ́.

Ìkòkò tíì ni.

Màmá mi kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, pẹ̀lú oyún oṣù kẹjọ. Ìyáàfin Alice fi igbe ta. Ó rò pé ìrọbí ti mú wọn. Ó ń sáré kiri fún tẹlifóònù kí ó lè pe ọkọ̀ aláìsàn, bàbá mi ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń ṣàlàyé, màmá mi sì wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè dìde.

Nínú mọ́tò, mo dojú ìkòkò náà dé. Mo ní, "Bàámi, kìnnìún wà ńbẹ̀! Ìdákọ̀ró wà ńbẹ̀! Lẹ́tà rẹ̀ ṣáájú ti àwo ṣúgà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni!" Bàbá mi tẹjú mọ́ ọ̀nà. Àgbà mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́.

Bí a ti délé, màmá mi gba ìkòkò tíì lọ́wọ́ mi, wọ́n fúnra wọn gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn, bàbá mi ṣì dúró ní gbàgede, wọn kò mọ̀ bóyá òfin ti yí.

Wọ́n ní, "Kí lẹ ń wò? Ìyá ti wọlé. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sùn níta ni?"

Mi ò tíì rí i kí bàbá mi sáré rí, àfi lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gáréèjì ti ṣófo bí màmá mi ti fẹ́ kí ó ṣófo, pálọ̀ wa sì ń kọ mànà. Ìyá Àgbà dé, wọ́n yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò bí ẹni ń yẹ ìyàwó wò, wọ́n bi màmá mi pé ta ló ni wọ́n. Màmá mi ní, "Wọ́n fún wa ni, Ìyá." Ìyá Àgbà mú àpótí áṣáà, wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bu áṣáà tiwọn sínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sí àpò. A kò rí àpótí náà mọ́ títí wọ́n fi padà sí Abẹ́òkúta, ó sì bá wọn lọ.

Ní òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ, nínú àwo ṣúgà ni oyin wà, nínú ìkòkò mílíìkì ni omi wà, iyọ̀ wà nínú ìkòkò tíì fúnra rẹ̀, obì àti orógbó sì jókòó nínú ohun èlò búrẹ́dì bí ìjòyè. Bọ̀dá Súnkànmí wò ó títí. Wọ́n rọra sún mọ́ bàbá mi, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, Sátidé tó ń bọ̀, aago mélòó lẹ máa gbéra?" Bàbá mi fi ọwọ́ pa irunmú wọn, wọ́n ní, "Se oúnjẹ dání."

Lóde òní, ènìyàn a jókòó sórí àga rẹ̀, a fi ìka tẹ fóònù, ẹrù olóògbé a sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú páálí. Kò mọ ẹni tó kú, kò mọ ohun tó pa á, kò sì sí ẹni tí yóò kí. Àwọn ọmọ mi ń jẹun nínú abọ́ ike tí wọn a jù nù kí ọbẹ̀ tó tutù lára rẹ̀. N kò bá wọn jà, ayé tiwọn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nígbà tiwa, ohun tí a bá ní, a mọ ọwọ́ tí ó ti wá, ọwọ́ náà sì mọ̀ wá. Ìyáàfin Alice jẹ mọ́ínmọ́ín nílé wa ní gbogbo Kérésìmesì títí ọdún 1989 fi parí, ó sì kọ́ láti sọ "ẹ kú ọdún" débi pé ó ń bá àwa ọmọ wí tí a kò bá dáhùn dáadáa.

Bàbá mi kó àkójọ náà, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, lé mi lọ́wọ́ níwájú màmá mi, nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, ọdún 1989.