Nígbà Tí Wọ́n Bá Tíṣà Gbé Mọ́tò Sókè

Ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò wa, lápá ọ̀tún, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò fẹ́ ṣí i. Nígbà tí ara èmi àti ìyàwó mi ṣì le, ńṣe ni mo máa ń yí ohùn rédíò sókè kí n má baà gbọ́ ọ, nítorí mo gbà pé ohunkóhun tó bá ṣì ń rìn kò tíì bàjẹ́. Mo kàwé, ṣùgbọ́n irú ọgbọ́n tí mo ní nígbà náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni àrùn wọ inú egungun ẹ̀yìn ìyàwó mi, ó sì di dandan kí a máa ti Ìkọ̀tún lọ sí ọsibítù ní Ìgàndó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí gálọ́ọ̀pù kan lójú ọ̀nà yẹn tí kì í gba ara ìyàwó mi kọjá. Bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò, yóò di ilẹ̀kùn mú, yóò sì pa ojú dé. Mo wá ń wa mọ́tò bí ẹni tó ru ẹyin, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè, wọ́n ń ṣépè. Ọkùnrin kan yọ orí síta nítòsí ààtàn Solous, ó ní, “Bàbá, ṣé ìyàwó tuntun lẹ gbé ni?” Ìyàwó mi ní kí n dá a lóhùn pé ìyàwó àtijọ́ ni. Dókítà ti sọ fún wa pé ìtọ́jú náà kò lè wo àrùn yìí, pé ìrora nìkan ni wọ́n lè bá a dín kù. N kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí tó wà nínú egungun, ṣùgbọ́n mo rò pé agbára mi ká èyí tó ń ti ojú ọ̀nà wá.

Mo ra ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì ní tuntun, inú páálí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló ń sọ fún mi pé tòkúnbọ̀ sàn ju tuntun lọ. Mẹkáníìkì wa wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ìyàwó mi ló kọ́ àwọn ìbejì rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ìbejì ló sì máa ń pè é. Ìyàwó mi fẹ́ bá mi lọ lọ́jọ́ náà, ó wọ súwẹ́tà, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi. Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé mọ́tò, ó bọ́ táyà, ó tú àwọn nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ àti ti òkè, ó sì fa ẹsẹ̀ mọ́tò náà jáde lódindi, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì papọ̀. Ó fi irin oníkọ̀ọ́ fún sípíríǹgì pọ̀ kí ó má baà ta sí i lójú, ó sì yọ ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí n tẹ ògbólógbòó náà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó rì, kò padà wá mọ́. Mo tẹ tuntun, ó rọra gbéra padà fúnra rẹ̀.

“Ẹ rí i, Dádì? Èyí ṣì ní ẹ̀mí.”

“Bàbá Ìbejì,” ìyàwó mi wí láti orí bẹ́ǹṣì, “ẹ bá mi wo inú páálí yẹn bóyá ó ku ọ̀kan tí ẹ lè bá mi fi sẹ́yìn.”

“Tíṣà, tiyín le ju ti mọ́tò lọ jàre. Ẹ̀yin tí ẹ na àwọn ọmọ mi títí wọ́n fi mọ̀wé.”

Kí ó tó dá ẹsẹ̀ mọ́tò méjèèjì padà, ó mú rọ́bà líle méjì, ó ki wọ́n bọ àárín sípíríǹgì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àṣà tiwa níbí nìyẹn. Ọ̀nà kò dára, nítorí náà oníkálukú ń fi rọ́bà gbé mọ́tò rẹ̀ sókè kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà máa ha ilẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́, òun náà kò bi mí. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, pé mọ́tò tíṣà kò gbọdọ̀ máa fi ikùn wọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ṣàdúrà fún un. Èmi náà yí mọ́tò po, inú mi dùn pé ó ti ga bíi jíìpù. Àwọn àgbà ní oore kì í gbé. Òótọ́ ni. Èyí kò gbé. Ẹ̀yìn ìyàwó mi ló lọ tààrà. Sípíríǹgì tí rọ́bà há láàárín kò lè ká mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì tuntun tí mo fi ọ̀wọ̀ gbé jáde nínú páálí kò rí iṣẹ́ ṣe.

Ìyàwó mi sì ń sọ fún mi pé ó dáa. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá bi í, á ní, “Ó dáa, Dádì, ẹ ṣeun,” títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, tí mo rí i pé ó ki àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ń fi apá ti ara rẹ̀ kúrò lórí àga. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kí n má bínú, pé Bàbá Ìbejì ṣe é tọkàntọkàn, kí n má sì jẹ́ kó mọ̀ láé. Nílé tiwọn ní Èkìtì, a kì í dá ẹ̀bùn padà fún ẹni tó fi ọ̀wọ̀ fún ni. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Títí di òní, n kò tíì mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé irú ìbínú bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín ti lọ.

Mo padà sí Ẹ̀gbẹ́dá, mo ní kó yọ rọ́bà náà, pé gíga rẹ̀ kò wù mí.

“Dádì, gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀ mí pé kí n gbé tiwọn sókè. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní kí tiyín kúnlẹ̀.”

Oníbàárà kan tó ń dúró de mọ́tò tirẹ̀ ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àdúrà ni wọ́n fẹ́ máa fi gbà.”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì yọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi sùn láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù títí dé ilé wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. N kò gbọ́ kí ó mí kanlẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ kan tó le kí a tó kúrò, nítorí náà n kò mọ̀ bóyá mọ́tò ló tù ú lára tàbí oògùn. N kò rí ìrìn àjò mìíràn tí ǹ bá fi wádìí rẹ̀. Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù lẹ́yìn èyí, kò sì padà wálé.

Mẹkáníìkì wá kí mi kú ara fẹ́ra kù. Ó jókòó pẹ́, ó sọkún, ó sì sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé òun gbé mọ́tò Tíṣà sókè lọ́fẹ̀ẹ́, pé inú wọn dùn sí i, Dádì ló ní kí òun yọ ọ́. Wọ́n wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òun náà ló ṣì ń tún mọ́tò ṣe fún mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó dọ̀bálẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ha á jù, pé ọ̀nà Ìgàndó ti burú sí i, kí n jẹ́ kí òun fi rọ́bà gbé e sókè padà. Mo wo àga ẹ̀gbẹ́ mi díẹ̀, mo sì ní kó máa ṣe é. Èmi nìkan ló kù tí ẹ̀yìn yóò máa dùn.